Wọ́n ti bọ́dà, àlùbọ́sà jẹrà: ta ló yẹ ká dá lẹ́bi?

Ìbéèrè: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àlùbọ́sà ni mò ń tà ní Iléṣà. Lóṣù Keje ọdún 2023, mo fowó ọjà ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà mi kan ní Kọ́nní, lórílẹ̀-èdè Niger, kó bá mi kó àlùbọ́sà Galmi wá. Ó kó o, mọ́tò gbéra. Bí àwọn sójà ṣe gbàjọba níbẹ̀ nìyẹn, Nàìjíríà sì ti bọ́dà. Ẹrù wà lójú títì títí ó fi jẹrà. Ọkùnrin náà dá ìdajì owó padà, ó ní kí n ṣàánú òun lórí ìyókù. Ọkọ mi ní n ò gbọdọ̀ gbà, pé àwọn ará ìlú rẹ̀ ló fa wàhálà sílẹ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ tíṣà ní àwa Nàìjíríà la jẹ̀bi, nítorí àwa la ti bọ́dà, àwa náà la gé iná wọn. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá ní ká sinmi ariwo, pé láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè kò sí ẹ̀ṣẹ̀, agbára nìkan ló wà. Ta ló jàre nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ta ni kí n máa bá wí?" Ìyá Alálùbọ́sà, Iléṣà.

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa, ẹ sì kú àdánù. Àlùbọ́sà tó jẹrà, òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ọ̀rọ̀ ilé. Mi ò ní fẹnu méjì dá yín lóhùn: àbúrò yín tó jẹ́ tíṣà ló sún mọ́ òtítọ́ jù, ọ̀rọ̀ ọkọ yín sì ni mo kọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n yín ni kí n kọ́kọ́ mú, torí bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, a ò ní ohun tí à ń jà lé lórí mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé lé e lórí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí náà sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí wọ́n ń fẹ́ ká mọ̀ pé ojú àwọn ti là. Wọ́n á ní kò sí ọba lórí àwọn ọba, kò sí ọlọ́pàá tó lè lọ gbé Amẹ́ríkà tàbí Rọ́ṣíà lọ sí àgọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ bá mi wo ohun tí àwọn alágbára máa ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lo agbára tán. Wọ́n á ṣàlàyé. Nígbà tí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti bọ́dà mọ́ Niger, kò sẹ́ni tó bọ́ síta tó ní "a tì í torí pé a lè tì í." Wọ́n ní torí ìjọba tí aráàlú dìbò yàn ni. Ẹni tó bá ti ń rojọ́ ti gbà pé ẹjọ́ wà. Yàtọ̀ sí èyí, a ti tọwọ́ bọ ìwé. Òfin òkun tí àgbáyé fọwọ́ sí ní 1982 sọ pé orílẹ̀-èdè tí kò ní etíkun ní ẹ̀tọ́ láti gba ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ dé òkun, Niger sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀. ECOWAS fúnra rẹ̀ ṣe ìlànà lórí ìjọba tiwa-n-tiwa ní 2001, ó sì to ìyà tí wọ́n lè fi jẹ orílẹ̀-èdè tó bá fipá gbàjọba síbẹ̀: kí wọ́n má ṣàtìlẹ́yìn fún ọmọ ìlú náà tó bá ń du ipò ní àjọ àgbáyé, kí wọ́n má ṣe ìpàdé ní ìlú náà, kí wọ́n má jẹ́ kó jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣèpinnu. Ìyẹn ni mẹ́ta tí wọ́n tò síbẹ̀. Ẹ ò rí iná níbẹ̀, ẹ ò rí àlùbọ́sà níbẹ̀.

Ó dáa, kí ló wá ṣẹlẹ̀ gan-an? Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, àwọn sójà tó ń ṣọ́ ààrẹ Niger, tí Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani jẹ́ olórí wọn, ti ààrẹ tí wọ́n ń ṣọ́ mọ́lé. Mohamed Bazoum ni ààrẹ náà, ọdún 2021 ló wọlé nípa ìbò. Ààrẹ wa, Bọ́lá Tinubu, kò tíì lo oṣù kan lórí àga alága ECOWAS nígbà náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, àwọn olórí orílẹ̀-èdè pàdé ní Abuja: wọ́n ti bọ́dà orí ilẹ̀ àti ti òfurufú, wọ́n dá káràkátà àti owó fífi ránṣẹ́ dúró, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó Niger tó wà ní báǹkì àpapọ̀, wọ́n sì fún àwọn sójà náà ní ọ̀sẹ̀ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn lè lo ipá. Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà ti já wáyà iná.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi wáyà yìí, torí ibẹ̀ ni mo ti rò pé ọ̀rọ̀ àbúrò yín ti fìdí múlẹ̀ jù. Iná tí Niger ń lò nígbà náà, nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń ti Nàìjíríà lọ. Wáyà kan gba Birnin Kebbi lọ sí Niamey, òmíràn gba Katsina lọ sí apá Maradi àti Zinder. Láti àwọn ọdún 1970 la ti ń ta iná fún wọn. Ọ̀pọ̀ ará Niger ni kò sì ní iná nílé rárá. Nínú ẹni márùn-ún, bóyá ọ̀kan ló ní in. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan fi èyí gbè sẹ́yìn Nàìjíríà: wọ́n ní ẹni tí kò ní iná tẹ́lẹ̀, kí la gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé ẹni tí kò ní iná nílé ń mu omi tí ẹ̀rọ iná ń fà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀ sì wà nínú fíríìjì ní ìlú. Láàárín oṣù Kẹjọ yẹn ni UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, kígbe síta pé àìsí iná ti ń halẹ̀ mọ́ àjẹsára tó wà ní ìpamọ́, pé kọ̀ǹténà oògùn àti oúnjẹ ọmọdé sì wà lẹ́nu bodè tí kò lè wọlé.

Tchiani ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kì í wọ́n ní ilé ìjọba. Ẹni tó wà nínú òkùnkùn ni Bazoum fúnra rẹ̀, ẹni tí gbogbo wàhálà yìí wà fún. Láti ibi tí wọ́n tì í mọ́, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ò rí iná láti ìgbà tí Nàìjíríà ti gé e, pé ìrẹsì àti pásítà gbígbẹ lòun ń jẹ. Bí mo bá ń kọ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibí ni kíláàsì ti máa ń dákẹ́.

Ẹni tí ẹ̀mí aládùúgbò rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojúṣe tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí Ghana bá bínú sí Niger, kí ló lè gé? Bóyá kó pe aṣojú rẹ̀ wálé. Àwa la ní bọ́dà tó lé ní 1,500 kìlómítà pẹ̀lú wọn, ìpínlẹ̀ méje wa ló sì bá wọn pààlà. Agbára tí a ní lórí wọn yìí gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí-ọkàn. Àwọn náà sì ní nǹkan tiwa lọ́wọ́ o: Odò Ọya ń gba Niamey kọjá kó tó dé ibi tí Kainji ti ń fi omi rẹ̀ ṣe iná fún wa, wọ́n sì ń mọ ìdídò tiwọn ní Kandadji, lókè odò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Mo mọ ohun tí ọkọ yín máa sọ níbi tí mo dé yìí. Á ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìẹ. Pé àwọn sójà ni akátá, ká bá wọn wí ná. Mo gbà. Àwọn ló jẹ̀bi ju gbogbo wa lọ. Bí wọn ò bá dìtẹ̀, ẹ̀yin ìbá ti ta ọjà yín tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í ṣe àkàrà tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ti mú u, kò sí mọ́ fún ẹlòmíràn. Tchiani jẹ̀bi ìjọba tó fipá gbà. Ẹni tó já wáyà lo ọwọ́ ara rẹ̀ láti já a, ó mọ ẹni tó máa dé bá, ó sì ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà. Àti pé akátá náà kúkú kọ̀, kò lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2024 tí ECOWAS tú ọ̀pọ̀ nínú ìyà náà ká, Tchiani ṣì wà lórí àga, Bazoum ṣì wà ní àhámọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ECOWAS ti pàṣẹ nínú oṣù Kejìlá 2023 pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fún títú ìyà náà ká ni àánú aráàlú. Mo wá ń bi ara mi pé, àánú tó tó ṣeé rí ní oṣù Kejì, ṣé kò ṣeé rí nínú oṣù Keje ni?

Ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́ àwọn ará Abuja lẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀nà dídí. Ní 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn ń wá ìbọn àti ẹ̀tù kiri, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyẹn ni iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ń gbà wọ̀lú. Láìpẹ́ sí i, Èkìtìparapọ̀, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ láti bá Ìbàdàn jà, dìde, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé yín sì di ọ̀gágun wọn lójú ogun Kírìjì. Lójú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ Ìbàdàn dára gan-an. Wọ́n ní ọ̀nà Oǹdó tiwọn, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó ń gbà fi ìbọn ránṣẹ́ sí wọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ẹrú ni Ìbàdàn ń kó wọn.

Ṣé ọ̀nà dídí yẹn wá parí ogun? Rárá. Ogun náà gba ọdún 16 gbáko, 1877 sí 1893. Ẹni tí ọ̀nà dídí kọ́kọ́ dà nù lórí oyè ni ọba tó ń dí ọ̀nà. Awùjalẹ̀ Fídípọ̀tẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, kò fẹ́ kí wọ́n ṣí i, àmọ́ àwọn jagunjagun àti àwọn oníṣòwò rẹ̀ ń fẹ́ bá Ìbàdàn tajà. Nígbà tó di 1883, ọba sá kúrò láàfin lọ sí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú ń dí yìí náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí fi ṣàwáwí nígbà tí wọ́n kó ogun wọ ìlú wọn ní Ìmagbọ̀n ní 1892. Ohun tó mú ìwé àdéhùn àlàáfíà ti 1886 wáyé, kí ogun tó wá tú ká ní 1893, ni pé àwọn alárinà, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ń fẹsẹ̀ rìn láti ibùdó dé ibùdó, tí wọ́n ń gbọ́ tẹni yìí, tí wọ́n ń gbọ́ tẹni yẹn. Kò yá, kò sì dùn ún ròyìn, òun ló sì ṣiṣẹ́.

Ìtàn kejì sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì rọrùn fún Yorùbá láti sọ. Nígbà ogun Biafra, ìjọba àpapọ̀ dí ọ̀nà orí omi àti orí ilẹ̀ mọ́ wọn, ebi sì pa àwọn ọmọdé. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ìjọba nígbà náà. Ní 1983, wọ́n bi í ní Abẹ́òkúta nípa oúnjẹ tí wọ́n dá dúró. Àlàyé tó ṣe ni pé òun fojú ara òun rí àwọn ọmọ tí àìjẹunre-kánú ti sọ dìdàkudà, òun bèèrè oúnjẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, wọ́n sì sọ fún òun pé àwọn sójà ń gbà á lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ aráàlú. Ìyẹn lòun fi ní kí wọ́n dá a dúró, kí ogun lè tètè parí. Kò purọ́ pé sójà máa ń gba oúnjẹ. Wọ́n ń gbà á ní gbogbo ogun. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀lé àlàyé náà dé òpin: bí sójà bá ń jẹ nínú oúnjẹ ọmọdé, tí a sì dá gbogbo rẹ̀ dúró, ta ni ebi máa kọ́kọ́ pa? Ẹni tó ní ìbọn kọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún Awólọ́wọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí ìran tèmi mọ̀wé. Lórí èyí, mi ò lè gbè é. Ayé náà kò gbè é. Ní 1977, wọ́n fi kún òfin ogun ti Geneva pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ebi pa aráàlú láti fi jagun.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín kó ṣọ́ra pẹ̀lú iye. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọjà mọ́ Iraq láti 1990, ìyà jẹ aráàlú débi pé Denis Halliday, tó ń bójú tó ètò ìrànwọ́ àjọ náà níbẹ̀, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1998, ó ní òun ò lè bá wọn lọ́wọ́ sí i. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n iye ìdajì mílíọ̀nù ọmọ tí gbogbo ayé ń pè kiri nígbà náà, ìwádìí tó wáyé lẹ́yìn ìgbà náà fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi irọ́ gbèjà òtítọ́ ti fún ọ̀tá ní ọ̀pá tó máa fi nà án. Bákan náà ni owó ọjà tó gun òkè lọ́dọ̀ wa ní 2023, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ti bọ́dà wá. Wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo láti oṣù Karùn-ún, owó mọ́tò sì ti fò sókè kí Tchiani tó dìtẹ̀.

Ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé kí a má fìyà jẹ afipágbàjọba rárá? Rárá o. Ẹ wo South Africa nígbà ìjọba amúnisìn aláwọ̀ funfun. Láti 1959 ni Albert Luthuli, olórí ANC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, ti ń bẹ ayé pé kí wọ́n má ra ọjà ìlú òun. Bíṣọ́ọ̀bù Tutu náà bẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá. Àwọn tí ìyà náà máa kàn ló ń bèèrè fún un. Nàìjíríà sì gbọ́: ní 1979, ìjọba Ọbásanjọ́ gba ilé-iṣẹ́ epo BP mọ́ àwọn òyìnbó lọ́wọ́ nítorí ọ̀rọ̀ South Africa. Mo ka èyí sí ohun tó dára jù lọ tí orílẹ̀-èdè yìí ti ṣe lójú ayé, torí àpò tiwa náà wà nínú rẹ̀. Ta ló wá bẹ̀ wá ní Niger pé ká gé iná? Bá-mi-na-ọmọ-mi kì í dénú ọlọ́mọ, áḿbọ̀ǹtorí ẹni tí kò tilẹ̀ bẹ̀ wá.

Ẹ tún wo ara wa lábẹ́ Abacha. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995, Commonwealth, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ wọn ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rí, lé wa sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Amẹ́ríkà àti àwọn ará Yúróòpù kò fún àwọn sójà tó ń ṣèjọba àti ẹbí wọn ní físà mọ́, wọn ò sì ta ohun ìjà fún wọn. Aráàlú ò sùn nínú òkùnkùn nítorí ìyẹn (òkùnkùn tí a sùn nínú rẹ̀, ti NEPA ni). Ẹni tó ṣe nǹkan ni ìyà náà ń wá. Mandela bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ra epo wa mọ́, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, torí àwọn ló ń ra epo náà. Ìyẹn náà kì í ṣe ìwà mímọ́. Alágbára a máa ṣàánú nígbà tí àánú bá bá èrè rẹ̀ mu.

Bí ẹ bá bi mí pé irú ìyà wo ni mo fara mọ́, mo máa ní kí ẹ lọ bi àwọn baba yín tó jẹ́ òṣómàáló. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè aṣọ: ojúde ẹni tó jẹ wọ́n ni wọ́n ń lọ, wọ́n á lóṣòó síbẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò dìde. Ojú á ti onígbèsè, ìyàwó rẹ̀ á mọ̀, ará àdúgbò á mọ̀. Mi ò tíì gbọ́ òṣómàáló tó lọ da ilẹ̀ dí kànga àdúgbò nítorí gbèsè ẹnì kan. Owó tí àwọn ọ̀gágun kó sí òkè òkun, ilé wọn, físà ọmọ wọn, ìbọn tí wọ́n ń rà, àga tí wọ́n ń jókòó lé ní ìpàdé: ìwọ̀nyí ni ojúde wọn. Kí a lóṣòó síbẹ̀ títí. Iná, oògùn, oúnjẹ àti ọ̀nà ọjà kékeré, kí a yọ wọ́n sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé, kó má di ohun tí à ń rántí lóṣù Kejì.

Àwọn kan á ní ìyẹn ò lágbára tó, kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ó lè má dẹ́rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyà ńlá tí a lò yìí ńkọ́, kí ló mú wá? Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Niger, Mali àti Burkina Faso so pọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ ààbò tiwọn sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024 wọ́n ní àwọn ò ṣe ECOWAS mọ́, ọdún kan lẹ́yìn náà ó sì fìdí múlẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Bí aráàlú bá ń jìyà lọ́wọ́ àjèjì, ẹ̀yìn sójà ìlú wọn ni wọ́n á lọ. Ẹni tí wọn ì bá máa bú ni wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún. A fún Tchiani ní ohun tí kò lè fowó rà: ẹni tó máa na ìka sí. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá sì ní agbára nìkan ló wà, ẹ bá mi bi í pé, ṣé agbára wa pọ̀ sí i lẹ́yìn èyí ni?

Nàìjíríà náà ní ẹni tó ronú nígbà yẹn o, kí a má pa gbogbo wa pọ̀. Nígbà tí ààrẹ kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nípa ìpinnu ECOWAS, tí lílo ọmọ ogun wà lára rẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ jókòó ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìdìtẹ̀, wọ́n sì ní kí ààrẹ wá ọ̀nà mìíràn tí kì í ṣe ogun. Àwọn ará Katsina, Sokoto àti Jigawa mọ̀ pé ẹbí àwọn ló wà lódì kejì. Ogun tí a kò jà yẹn, mo kà á sí ire fún wa.

Ó ku owó yín. Ọkọ yín ní ará Niger ni, torí náà kó san án. Ìyá wa, bí ọkùnrin Kọ́nní yẹn bá tilẹ̀ dìbò ní 2021, ìbò tirẹ̀ wà lára èyí tí Tchiani fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Kò yan Tchiani, kò lè yọ Tchiani. Ẹ̀yin àti ọkọ yín ńkọ́? Ẹ ní ìwé ìdìbò, ẹ ní sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú Ìlà-oòrùn Ọ̀ṣun, ìjọba tó ti bọ́dà sì ń sọ pé ní orúkọ yín lòun ṣe é. Tí a bá fẹ́ fi ọmọ ìlú gba ẹ̀bi ìjọba, ẹ̀bi tí ẹ máa gbé wúwo ju tirẹ̀ lọ. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ gbé e. Mò ń sọ pé kí ọkọ yín sọ òṣùwọ̀n yẹn kalẹ̀, torí òun náà kò ní fẹ́ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè kò ní í ṣe pẹ̀lú ìlú ẹnikẹ́ni. Níbo ni ẹrù ti di tiyín nínú àdéhùn yín: ní Kọ́nní tí wọ́n ti dì í sínú mọ́tò ni, tàbí ní Iléṣà tí ẹ ti máa já a? Bó bá jẹ́ Kọ́nní, ọwọ́ yín ló jẹrà sí, ìdajì tó dá padà yẹn sì jẹ́ oore. Bó bá jẹ́ Iléṣà, ó ṣì jẹ yín ní ìdajì ní ìlànà ọjà. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ rárá, bí ọ̀pọ̀ nínú yín kì í ti í sọ ọ́ nígbà tí ọjà bá ń dùn, á jẹ́ pé àdánù àjọpín ni, ó sì ti gbé ìdajì tirẹ̀. Ẹ ṣáà bi í pé ta ló san owó mọ́tò àti owó àwọn tó ń ṣọ́ ẹrù ní gbogbo ọjọ́ tó fi wà lójú títì. Bó bá jẹ́ òun ló san án, àdánù tirẹ̀ ti ju tiyín lọ. Nàìjíríà ti ní kí wọ́n ṣí bọ́dà láti oṣù Kẹta 2024. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra Galmi lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹrù ti ń di tiyín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́.